Ihò Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àárẹ̀ ọwọ́. Ṣé ara ń gbádùn? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Mo mọ̀ pé "a dúpẹ́" lẹ máa wí, bí ẹ ò tiẹ̀ lè gun àtẹ̀gùn méjì. Èmi náà wà dáadáa nílẹ̀ òkèèrè níbí. Yàrá mi ṣì kéré bíi ti àtẹ̀yìnwá, mo lè na ẹsẹ̀ látorí ibùsùn kí n fi ti ilẹ̀kùn pa.

Fíláàṣì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, wà nínú àpòòwé yìí, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kó má bàa jábọ́. Ẹ̀bùn ni. Ẹ ṣáà ń ráhùn pé láptọ́ọ̀pù màámi máa ń pẹ́ kó tó jí, pé ẹ máa tàn án, ẹ máa lọ wẹ̀, ẹ máa wọṣọ tán, ẹ máa padà dé, kò tíì jí. Bàámi, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹrù ló pọ̀ jù lórí ẹ̀. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo Línúùsì bíi tiyín, ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń pè ní kánẹ̀lì. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù. Àmọ́ nítorí pé àwọn tó ṣe é kò mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa gbé e sí, wọ́n kó oríṣiríṣi ìmọ̀ lé e lórí, títí kan ti ẹ̀rọ tí ẹ ò ní fojú rí láéláé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn: mo máa ń yọ ẹrù tí kò wúlò kúrò. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí jẹ́ ti ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ omi oògùn tó ń kán sí iṣan aláìsàn. Ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ jí kíá ni, tí kò sì gbọ́dọ̀ ro nǹkan méjì.

Mo wá ní kí n ṣe tiyín. Mo ra ìbejì láptọ́ọ̀pù yẹn níbí, ògbólógbòó bíi tiyín. Kíbọọ̀dù ara rẹ̀ ti kú fin-ín-fin-ín, èyí tí wọ́n ń fi wáyà kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mò ń lò sí i. Sátidé mẹ́ta ni mo fi gé kánẹ̀lì náà sí ìwọ̀n gẹ́lẹ́, bí ẹ ṣe máa ń gé kọ́kọ́rọ́. Kí èèyàn tó ka ogún, ó ti jí.

Títì tí mo ti díìsìkì rẹ̀ pa, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, kò yí padà o. Ẹ rántí ìdí tí mo fi tì í. Nígbà tí wọ́n jí fóònù mi, tí olè yẹn ń tẹ́tí sí ohùn màámi, tó tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ránṣẹ́ sáwọn ẹbí, mo búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Gbogbo ohùn tí màámi gbà sílẹ̀ fún mi ní ọdún méjì tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù sí. Mo bẹ̀ yín kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ní alágádágodo kì í ṣe ẹ̀dà láìjẹ́ pé onílé dúró níwájú ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì yẹn ló ti dàrú, bí ìgbà tí wọ́n gé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé kan tí wọ́n sì rò ó pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà yín nìkan ló lè tò ó padà. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n, ẹ lé mi jáde nínú yàrá lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan. Ẹ má wò mí báyẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣe wà lẹ́yìn ìwé yìí, ìgbésẹ̀ méje péré.

Ọmọ yín,
Ayọjú


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ayọjú mi, ọmọ tó ń fi ojú kan wo ihò kọ́kọ́rọ́ kó tó mọ ìrìn,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì gba fíláàṣì. O ṣeun, o kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn, ó ń gbọ́ tẹnu ara rẹ̀.

Jọ̀ọ́, má pè mí lórí fóònù mọ́. Ọjọ́ tí o pè kẹ́yìn, "ẹ̀n?" ni mò ń sọ títí tí ó fi parí. Ogójì ọdún tí mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìgékọ́kọ́rọ́ ti gba etí mi tán. Màmá rẹ nìkan ni mo ṣì ń gbọ́, nígbà tí mo bá dé ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá tí o rà fún mi mọ́ etí, tí mo sì yí i dé òpin. Tìrẹ, máa kọ ọ́ sí ìwé.

Mo ṣe ìgbésẹ̀ méjèèje. O kọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kọ̀wé sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àmọ́ n kò bínú. Ó jí lóòótọ́! N kò tíì jókòó dáadáa tó fi jí. Ojú rẹ̀ dúdú, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò mí. Mo tún un tẹ̀, mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀ pé mo ti parí. Kò wí nǹkan kan. Mo pa á, mo tún un tàn, ibẹ̀ náà la tún dé. Dókítà Fóònù, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé tèmi, wá wò ó, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ju ti òun lọ.

Ṣé ọ̀gá tuntun tí o rán wá yìí mọ̀ mí ṣá? Ṣé o sọ fún un pé èmi ni baálé?

Kíkọ sílẹ̀ tí o wí, gbàgbé ẹ̀. Ìgbà wo lo rí mi tí mo so kọ́kọ́rọ́ oníbàárà mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀?

Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí n kò gbọ́ ohùn màmá rẹ. Ilé dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Tètè fèsì.

Bàbá rẹ,
Alágádágodo


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Bàámi,

Ẹ kú ìfaradà. Lẹ́tà yín dé lánàá, mo sì kà á lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ẹ̀rọ yẹn kì í fi ohun tí èèyàn ń tẹ̀ hàn, kò ní fi ìràwọ̀ kankan síbẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Torí náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má kánjú. Tí kò bá ṣí síbẹ̀, á jẹ́ pé ohun tí ẹ ń tẹ̀ kọ́ ni ohun tí ẹ fi tì í. Mo dán kánẹ̀lì yẹn wò nígbà mẹ́rìndínlógún lórí ìbejì rẹ̀. Kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títì kì í gbàgbé, Bàámi. Èèyàn ló ń gbàgbé.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ eléyìí. Nígbà tí mo wá sílé, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà, kí a tó jẹun àárọ̀ tán. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo wá ń rò ó báyìí. Mo rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, títí dé ọjọ́ tí wọ́n dúró níwájú ilé ara wọn tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà, dókítà èèyàn o. Bóyá kí ẹ sì sinmi lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí náà. Kọ́kọ́rọ́ ilé onílé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi pamọ́ síbi tí kò ní rántí.

Tí ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè ṣí i láyé yìí, kódà èmi tí mò ń fi irú ẹ̀ jẹun. Mo ti sunkún rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́. Àmọ́ ó sàn kí Dókítà Fóònù nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ju kí ẹ máa jókòó tì í lójoojúmọ́, kí ẹ máa kan ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí.

Ẹ má bínú sí mi. Ìfẹ́ ni.

Ayọjú yín


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí èsì. Mo mọ̀ pé lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀.

Ẹ kàn kọ "mo wà" sí páálí, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ó tó mi.

Ayọjú


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàámi, Bàámi, Bàámi,

Mo pe Dókítà Fóònù. Ó ní ẹ wà, ẹ ń jẹun, ẹ kò sì fẹ́ kí òun sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Sátidé ni ẹ ní kí òun wá nu láptọ́ọ̀pù náà. Mo dúpẹ́ pé ẹ wà. Ohun tó kù, n kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́.

Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi. Mo lè gba èébú. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni n kò lè gbà.

Ayọjú


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ayọjú,

Mo wà.

Lẹ́tà rẹ tí o kọ ní oṣù kẹrin dùn mí. Jẹ́ kí n wí i jáde kó má bàa di egbò. Mo kà á tán, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mo sì ti dúrọ́ọ̀ náà pa. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ lọmọ yìí ń sọ. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń kan ilẹ̀kùn ilé ara ẹ̀. Èmi ni mo ṣí i fún un. Ó kí mi, ó ní "ẹ ṣé, sà."

Mo wá ní kí n dán ara mi wò. Mo gbé àpótí àgádágodo àtijọ́ sílẹ̀. Méjìdínlógójì ló wà nínú ẹ̀, gbogbo kọ́kọ́rọ́ wọn sì dàpọ̀ sínú agolo kan. Mo di ojú mi. Mo ń fi ìka wá ọkọ fún aya, aya fún ọkọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wọn ti ṣí. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì àti ní ọjọ́ kẹta. Dókítà Fóònù rò pé mo ti ya wèrè. Dókítà èèyàn tí o ní kí n lọ rí, mo lọ. Ó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀, ó wá ní etí mi ló bàjẹ́, pé orí mi pé ju ti òun lọ.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo wá sọ fún Dókítà Fóònù pé kó wá nù ún ní Sátidé. Ó dé pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní "Bàbá, ṣé kí n máa nù ún lọ?" Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò fọ́ ilẹ̀kùn tí èèyàn wà lẹ́yìn ẹ̀ rí. Mo ní kó máa lọ, kó má bínú.

Mo wá bi ara mi pé, ìwọ Alágádágodo, tí oníbàárà bá gbé kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí wá, kí lo máa ń ṣe? Ṣé o máa ń bi í pé kí ló fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Rárá. Mo máa ń gbé etí lé títì ná. Etí ti lọ, mo wá lo ojú. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì kíbọọ̀dù tó máa ń tan iná kékeré kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Mo tàn án. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, èyí tó máa ń yọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí orúkọ méjì wà lórí ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì yẹn. Iná tàn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kú. Ó dé ibi tí ọ̀gá tuntun rẹ ti ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, mo tẹ̀ ẹ́. Iná kò tàn. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà ogún. Kò tàn.

Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ mi, Ayọjú. Gbogbo ìgbà tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, ẹyọ kan kò wọlé. Èmi nìkan kọ́ ni etí rẹ̀ dí nínú ilé yìí.

O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o wá ń pa làpálàpá. Padà lọ wo ọ̀gá tí o gé. Ta ló yọ etí rẹ̀?

Bàbá rẹ, tí orí rẹ̀ pé,
Alágádágodo


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàámi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí, orí ibùsùn ni mo gbé ìwé lé.

Èmi ni. Èmi ni mo yọ etí rẹ̀. Ẹ rántí ìbejì láptọ́ọ̀pù tí mo ní kíbọọ̀dù ara rẹ̀ ti kú? Nígbà tí mo ń yọ ẹrù, mo ń bi nǹkan kọ̀ọ̀kan pé "ta ló ń lò ọ́?" Tí kò bá ti sẹ́ni tó ń lò ó lórí tèmi, mo yọ ọ́. Mo dé ibi ìmọ̀ tí kánẹ̀lì fi ń gbọ́ kíbọọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù. Lórí tèmi, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo yọ ọ́, mo tún fi ara mi yangàn pé ó fúyẹ́. Ìgbà mẹ́rìndínlógún tí mo ní mo dán an wò, kíbọọ̀dù oníwáyà ni mo lò ní gbogbo ìgbà. N kò fọwọ́ kan èyí tí ọwọ́ yín máa kàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo wá jókòó níbí, mo ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí bàbá mi pé èèyàn ló ń gbàgbé.

Ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ti kánẹ̀lì nìkan. Ti Bàbá Àgbà gan-an ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti ìgbà tí màámi ti lọ, tí nǹkan kékeré bá ṣe yín, ibi tó burú jù lọkàn mi máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni mò ń padà, torí pé ẹ kò fẹ́ kí n padà ni. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ó ṣeé ṣí lónìí, Bàámi. Orúkọ méjì tí ẹ rí lójú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀gá méjì ni wọ́n. Ọ̀gá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ní ìsàlẹ̀, n kò lé e lọ. Níbẹ̀ kíbọọ̀dù yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ti fi iná yẹn rí i fúnra yín. Ẹ tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ńlá tí ẹ máa ń fi sọ pé ẹ ti parí. Ẹ ní sùúrù fún un, á jí. Ká ní ẹ jẹ́ kí Dókítà Fóònù nù ún ní Sátidé yẹn, èmi ni ǹ bá fi ọwọ́ ara mi pa ohùn màámi rẹ́. N kò lè sùn tí mo bá rò ó.

Mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ka lẹ́tà yín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní èdè tó gbọ́. Mo ní kí a fi ìka tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀rọ omi oògùn yẹn gan-an, torí pé kíbọọ̀dù orí tábìlì la ti ń fi dán an wò látọjọ́ yìí. A tẹ̀ wọ́n. Méjì kò gbọ́. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni èyí tí nọ́ọ̀sì máa tẹ̀ tí omi bá ń kán yára jù. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n kí alágádágodo fún òun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ má sì bú mi. Títì orí díìsìkì yẹn ní ihò kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ. Ẹyọ kan lẹ lò. Èèyàn lè gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà mìíràn, sí ihò kejì, tí kò ní bá ti àkọ́kọ́ jọ rárá, tó sì máa ṣí ilẹ̀kùn kan náà. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sẹ́yìn ìwé yìí. Mo mọ òfin yín. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Ọmọ yín tí ojú ń tì,
Ayọjú


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ayọjú mi, àkàndá ọmọ,

Dìde lórí orúnkún, kó má lọ dà bíi tèmi.

Ó ṣí. Mo tẹ ọfà sísàlẹ̀, ọ̀gá àtijọ́ jí, ó na ara, ó yán, ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Má rán ọ̀gá tuntun mìíràn wá, ì báà ní etí mẹ́fà. Jẹ́ kí àgbàlagbà yìí máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ó ń pẹ́ kó tó jí, èmi náà ń pẹ́.

Mo dé ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí. Ìkíní tí mo tẹ̀, èébú ló wà níbẹ̀. Màmá rẹ ń fi ẹjọ́ mi sùn ọ́ pé mo tún ti gbé ìfọ́ irin wọ orí ibùsùn òun, pé ó gún òun nídìí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ayọjú, bàbá rẹ ń tẹ́tí sí wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí o, ó rò pé n kò mọ̀." Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀ síbi ihò kọ́kọ́rọ́. Ibi tí o ti jogún ìwà rẹ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún un gbọ́ ní ìgbà mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ nípa ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbé e jù sí ẹ̀yìn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹni kì í bẹ̀rù fún ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwọ lo mọ inú ẹ̀rọ, èmi ni mo mọ bí títì ṣe ń ṣe tí kò bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ká ní a ti bi ara wa léèrè dáadáa ní oṣù kẹta, à bá ti yanjú ẹ̀ tán.

Ní ti ihò kejì. O mọ̀ pé n kì í gé kọ́kọ́rọ́ kejì láìjẹ́ pé onílé dúró níwájú mi. Mo wá jókòó, mo bi ara mi pé ta ni onílé yìí? Ìwọ ni màmá rẹ ń bá sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ohùn yẹn, látorí ìkíní dé ìkẹyìn. Èmi tó ń gbọ́ ọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo wá rí i pé láti ọjọ́ yìí, èmi ni mò ń ti onílé mọ́ ìta.

Mo gé e. Dókítà Fóònù ló ń pariwo ohun tí o kọ sí mi létí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́; nígbà tó kan ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀, mo ní kó kọjú sí ògiri. Ó gbà pẹ̀lú àlàáfíà.

N kò ní kọ ọ̀rọ̀ náà síbí. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ rán lẹ́tà. Àmọ́ o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o wà ní kékeré, ní ọ̀sán, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n lè sinmi, o máa ń ti ilé ìwé dé, o máa gbé ẹnu lé ihò kọ́kọ́rọ́, o máa pariwo ohun kan. N kì í dáhùn ní ìkíní. N kì í dáhùn ní ìkejì. O máa ń bínú, o ní etí mi dí. Etí mi kò dí nígbà yẹn, Ayọjú. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an. Mo kàn fẹ́ kí o tún un sọ ni.

Ohun tí o máa ń pariwo yẹn ni, bí o ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́. Mo rántí rẹ̀ láìku ẹyọ kan.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Bàámi,

Mo rántí. Mo sọ ọ́ síta nínú yàrá mi, alábàágbé mi kan ògiri pé ṣé kò sí. Mo ní kò sí, mo sì ń sunkún.

Ẹ má ṣàníyàn, n kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni màá dé, ní ọ̀sán. Ẹ má wá pàdé mi lọ́nà, orúnkún yín ò gbà á. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí ẹ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màá pariwo dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹ lè gbọ́.

Tí ẹ bá sì gbọ́ ní ìkíní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn.

Ayọjú yín